Ẹ Wo Ojú Ìsopọ̀: Ìdí Tí Igi Ọsàn Dídùn Fi Ń So Kíkan

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ OṢÙ

  

Igi ọsàn ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnì kan lè sọ pé, "Èmi tí mo jókòó sídìí àtẹ ní Kétu, kí ló kàn mí pẹ̀lú igi tó wà lóko?" Ó kàn yín, ẹ̀yin ìyá. Ọsàn tó ń wọ Ìkòsì níbí, ì báà jẹ́ èyí tó ti Benue wá nínú tírélà, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n fi píkọ́ọ̀pù kó wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì tàbí Ògùn, orí igi ló ti wá. Ohun tó ṣe igi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè wá bá wa lórí àtẹ lónìí.

Ẹ wo ẹjọ́ kan tí kì í tán lọ́jà èso. Oníbàárà ra ọsàn, ó fà á mu, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó yíjú padà: "Ìyá, ṣebí ẹ ní oyin ni!" Ìyá ọlọ́sàn búra pé oko tí òun ti rà á lọ́dún tó kọjá náà lòun ti rà á lọ́dún yìí. Wọ́n bi olóko, òun náà búra pé òun ò gbin igi mìíràn, igi kan náà ni. Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ á ní ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Igi kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń so lórí igi náà tẹ́lẹ̀ kọ́ ló ń so mọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́ la fẹ́ kọ́.

Oríṣi èèyàn mẹ́ta ló máa wúlò fún jù nínú wa: ẹni tó ń tajà lórí àtẹ, alájàpá tó ń lọ sóko lọ sanwó ọsàn lórí igi kó tó pọ́n, àti ẹni tó ra ilẹ̀ díẹ̀ sí Ìkòròdú, Mọ́wè tàbí Ọ̀tà, tó gbin igi èso mélòó kan síbẹ̀ de ọjọ́ ogbó.

IGI MÉJÌ LÓ WÀ NÍNÚ IGI KAN

Ọ̀pọ̀ ọsàn tí wọ́n ń gbìn fún títà, wọn kì í kàn ju kóró rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa wò ó. Wọ́n máa ń lọ́ ọ ni. Àwọn olóko ń pè é ní bọ́díìnì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wọ́n á kọ́kọ́ gbin kóró lẹ́mọ́ọ̀nù kan tí èèpo rẹ̀ rí hágahàga, tí omi inú rẹ̀ kan gógó. Rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́ọ̀nù ni àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe nítorí èso rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbìn ín, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ni. Gbòǹgbò rẹ̀ le, ó ń wá omi lọ jìnnà nínú ilẹ̀, ó sì ń fara da ọ̀dá. Bí ọmọ igi yìí bá ti sanra tó pẹ́ńsù ìkọ̀wé, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú la èèpo rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á wá lọ sídìí igi ọsàn dídùn tí wọ́n mọ̀ dáadáa, wọ́n á gé ojú kan ṣoṣo lára ẹ̀ka rẹ̀, ìyẹn ibi tí èéhù tuntun ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé. Wọ́n á ki ojú yẹn bọ abẹ́ èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù, wọ́n á sì fi ọ̀rá dì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á tú ọ̀rá náà. Bí ojú yẹn bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ti mú nìyẹn. Wọ́n á wá gé orí lẹ́mọ́ọ̀nù dànù lókè ibẹ̀, kí oúnjẹ tó ń ti gbòǹgbò bọ̀ lè máa lọ sọ́dọ̀ àlejò.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni méjì ló ń gbé inú ilé kan. Láti ojú ìsopọ̀ lọ sísàlẹ̀, lẹ́mọ́ọ̀nù ni. Láti ojú ìsopọ̀ lọ sókè, ọsàn dídùn ni. Wọ́n jọ ń mu omi kan náà, wọ́n jọ ń gba oòrùn kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ọ̀kan á di èkejì, bí igi náà bá lo 30 ọdún láyé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà wa ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ìyá kan kọ́ ìsọ̀, ó fi háyà fún ẹlòmíràn. Ayálégbé ló wà níwájú tí oníbàárà ń rí, aṣọ ló ń tà. Onísọ̀ wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ayálégbé bá kó jáde, onísọ̀ lè ṣí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kó máa tajà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ tirẹ̀ bá jẹ́ epo, epo ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ìsọ̀ kan náà ni, ilẹ̀kùn kan náà ni, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló yàtọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌN Ò KÀN GBIN KÓRÓ?

Ìdí àkọ́kọ́ ni àkókò. Ọsàn tí a gbin kóró rẹ̀ lè gbà tó ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Èyí tí a lọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìkejì, èyí tí a gbin kóró rẹ̀ máa ń ga fíofío, ẹ̀gún rẹ̀ sì máa ń pọ̀, ó ń yọ ẹni tó ń ká a lẹ́nu. Ìkẹta, àwọn ọsàn kan wà tí kò ní kóró rárá. Kí lẹ fẹ́ gbìn?

Ìtàn kan wà lórí èyí tó yẹ kí obìnrin gbọ́. Ọsàn kan wà tó ní nǹkan bí ìdodo nídìí, tí kò ní kóró. Washington Navel ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń gbìn ín ní Nàìjíríà náà. Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil ni irú rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 1873, obìnrin kan tó ń jẹ́ Eliza Tibbets gbìn ín sí ìlú Riverside ní California, ní Amẹ́ríkà. Nítorí pé kò ní kóró, ojú ara ẹ̀ka igi rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gé lọ, tí wọ́n ń lọ́ ọ sórí gbòǹgbò mìíràn, títí oko ọsàn fi kún gbogbo agbègbè náà. Nígbà tó di ọdún 1918, gbòǹgbò ọ̀kan lára igi àkọ́kọ́ yẹn ń jẹrà lọ. Wọn ò gé e dànù. Wọ́n gbin àwọn ọmọ igi ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù mélòó kan yí i ká, wọ́n lọ́ orí wọn mọ́ ara rẹ̀, gbòǹgbò tuntun wá ń bọ́ ọ. Igi yẹn ṣì wà láàyè títí di òní. Ẹ rí i pé orí kan lè lo gbòǹgbò méjì, mẹ́ta, síbẹ̀ kó máa so èso tirẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa, NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, wà ní Ìdí-Ìṣìn, ní Jericho, n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ wọn ni irú nǹkan yìí. Lára àwọn ọsàn tí àwọn olóko wa mọ̀ ni Agége 1, tó ń jẹ́ orúkọ Agége wa tó wà nítòsí níbí.

BÍ ÒKÈ BÁ KÚ, TA NI YÓÒ HÙ?

Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ni a fi ń rọ́pò. Òótọ́ ni. Ọmọ tó hù nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ni, adùn ìyá rẹ̀ náà ló máa dùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nídìí ọsàn. Wọ́n rí i tí igi kú, wọ́n rí i tí èéhù yọ nídìí rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ ti rọ́pò ìyá." Ọsàn tí a lọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èéhù tó bá yọ lábẹ́ ojú ìsopọ̀ kì í ṣe ọmọ ọsàn yẹn. Ọmọ onísọ̀ ni.

Kí ló lè pa òkè? Iná ìgbẹ́ ló ń ṣe é jù. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí ewéko ti gbẹ, ọlọ́dẹ tàbí alágbẹ̀ kan lè finá sí igbó lọ́nà jíjìn, kí atẹ́gùn gbé e wọ oko ọsàn. Màlúù lè tẹ ọmọ igi mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ ilé lè jẹ orí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn tán pátápátá. Ẹni tó ń roko lè fi àdá bó èèpo ìdí igi yí ká. Ìjì lè ya igi ní ojú ìsopọ̀ nígbà tí èso bá pọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í tí wọ́n gbàgbé láti tú lè fún un lọ́rùn pa. Àrùn kan sì wà tó ń mú kí èèpo ìdí igi jẹrà, tí oje á máa sun jáde lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi kì í fẹ́ kú. Gbòǹgbò ti kó oúnjẹ pa mọ́ sínú ilẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, á ti èéhù jáde, ewé tútù á máa yọ. Olóko á dúpẹ́ pé igi òun ti jí. Ó jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ẹni tó jí. Bí èéhù bá yọ lókè ojú ìsopọ̀, ọsàn dídùn ló jí. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló ti yọ, lẹ́mọ́ọ̀nù ló jí.

Kò tiẹ̀ dìgbà tí òkè bá kú pátápátá. Bí igi bá ṣàìsàn díẹ̀, tàbí wọ́n ṣèèṣì fi àdá kan ìdí rẹ̀, èéhù ìsàlẹ̀ lè yọ. Èéhù yìí máa ń yára dàgbà, torí òun ló sún mọ́ gbòǹgbò jù, oúnjẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta, igi kan náà á ní apá kan tó ń so ọsàn, á ní apá kan tó ń so lẹ́mọ́ọ̀nù. Bí wọn ò bá fọwọ́ kàn án, apá lẹ́mọ́ọ̀nù á bo èkejì mọ́lẹ̀, ebi á pa ọsàn dídùn títí á fi gbẹ. Àwọn tó ń kọjá lọ á máa sọ pé igi náà yí padà. Kò yí padà o. Wọ́n lé ayálégbé jáde ni.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, òtútù líle kan jà ní oṣù Kejìlá ọdún 1894, òmíràn sì tún jà ní oṣù Kejì ọdún 1895. Omi dì sínú igi ọsàn, òkè igi kú káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Gbòǹgbò ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kú, torí ilẹ̀ bò ó. Àwọn tó fara dà á lọ́ ọsàn dídùn lé orí èéhù tó yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Wọ́n tún kọ́gbọ́n kan: kí òtútù tó dé, wọ́n á wa iyẹ̀pẹ̀ jọ sídìí ọmọ igi kó bo ojú ìsopọ̀, pé bí òkè bá tiẹ̀ kú, á ṣì ku díẹ̀ lára ọsàn dídùn tó lè hù padà. Nílẹ̀ wa tí òjò pọ̀, kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí iyẹ̀pẹ̀ tútù á mú kí ìdí igi jẹrà. Iná ni òtútù tiwa. Ọgbọ́n tiwa ni kí a roko yí oko ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú.

ỌSÀN ILÉ BÀBÁ WA ŃKỌ́?

Ẹnì kan á ní, "Wọ́n gé ọsàn ilé bàbá mi nílẹ̀ pátápátá, ó hù padà, ó sì dùn bíi ti tẹ́lẹ̀." Kò purọ́. Ọ̀pọ̀ ọsàn àtijọ́ tó wà lágbàlá, kóró ni wọ́n gbìn. Kò ní ojú ìsopọ̀. Láti gbòǹgbò dé orí, ẹnì kan náà ni, torí náà ibikíbi tó bá ti hù, òun náà ni. Ohun ìyanu kan tún wà nínú kóró ọsàn dídùn: kóró kan lè hù tó ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, púpọ̀ nínú wọn a sì jọ ìyá wọn gẹ́lẹ́. Nítorí náà ni ọsàn oníkóró ilé bàbá wa fi dùn bó tilẹ̀ pẹ́ kó tó so.

Ẹ má wá fi ti ilé bàbá yín ṣe ìwọ̀n ti oko tí wọ́n lọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi olóko ni pé, "Ṣé kóró lẹ gbìn ni, àbí ẹ lọ́ ọ?"

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

1. Ẹ wo ìdí igi, láti ilẹ̀ dé nǹkan bí orúnkún. Ojú ìsopọ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ẹ ó rí i bí ibi tó wú díẹ̀, tàbí tó wọ́ díẹ̀, tàbí tí àwọ̀ èèpo ti yàtọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti yọ. Èyí ni ẹ̀rí tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀.

2. Ẹ ka iye ìdí tó dìde láti ilẹ̀. Igi tí a lọ́ tó wà ní àlàáfíà sábà máa ń ní ìdí kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí méjì, mẹ́ta tó ń dìde nísàlẹ̀, ẹ fura.

3. Ẹ já ewé, ẹ fi ọwọ́ rún un, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ewé lẹ́mọ́ọ̀nù ń ta òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àti òdòdó rẹ̀ tí kò tíì tanná sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú díẹ̀, nígbà tí òdòdó ọsàn dídùn funfun.

4. Ẹ wo ẹ̀gún. Ẹ̀gún lẹ́mọ́ọ̀nù pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀gún nìkan dájọ́, torí ẹ̀ka ọsàn dídùn tó bá ń dàgbà pẹ̀lú agbára náà máa ń lẹ́gùn-ún.

5. Ẹ wo èso. Rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́ọ̀nù ní èèpo tó nípọn, tó rí hágahàga, tó ń pọ́n bí ìyeyè. Bí ẹ bá là á, àárín rẹ̀ sábà máa ń ṣófo, kóró rẹ̀ sì pọ̀. Lórí àtẹ, ojú nìkan ti tó láti ṣà á kúrò.

Bí èèpo ọsàn bá dán bó ṣe yẹ, tó sì kan, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ká a kó tó gbó. Ọsàn ilẹ̀ wa lè gbó kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù, torí náà àwọ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀nu ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń RA ỌSÀN LÓRÍ IGI

Ẹ̀yin alájàpá, ẹ̀yin lẹ̀kọ́ yìí kàn jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní oko kan ní 60 igi, ẹ sì bá olóko dá a sí ₦5,000 lórí igi kan. ₦300,000 lẹ san. Ká ní iná ti jó 12 nínú wọn rí, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti hù padà. ₦60,000 ti wọlẹ̀ kí ẹ tó ká èso kan. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí àwọn tó ń ká a bá da ti 12 yẹn pọ̀ mọ́ ìyókù nínú àpò, gbogbo ọjà yín ló ti gba orúkọ burúkú. Oníbàárà tó bá mu ọ̀kan tó kan kò ní dúró mu èkejì.

Nítorí náà:

Ẹ má dúró sétí oko kí ẹ wá máa fojú ka orí igi. Ẹ wọlé, ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo ìdí.

Ẹ bèèrè bóyá iná ti wọ oko yẹn rí, àti ọdún tó wọ̀ ọ́. Bí igi bá ní àpá dúdú nídìí, ilẹ̀ ti dáhùn fún yín.

Bí èso bá wà lórí igi, ẹ tọ́ ọ wò láti apá ọ̀tún àti apá òsì igi kan náà. Igi tó ní orí méjì á tú ara rẹ̀ fó.

Ẹ fi ọ̀dà tàbí okùn sàmì sí igi tó bá ti di lẹ́mọ́ọ̀nù níṣojú olóko, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Àdéhùn tó dájú kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Kí ẹ sì sọ fún àwọn tó ń ká a pé kí wọ́n má dà á pọ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù náà lówó lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ fi fọ ìgbín, fi fọ ẹja, tàbí fún un sínú tíì, á rà á bí ẹ bá pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Orúkọ ọsàn tí ẹ bá fi tà á ló ń dá ìjà sílẹ̀.

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ IGI

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ igi lẹ́bàá títì, ẹ kọ́kọ́ wá ojú ìsopọ̀. Bí ẹ ò bá rí i, kóró ni wọ́n gbìn, ẹ má san owó èyí tí wọ́n lọ́ lé e. Bí ẹ bá rí i, ẹ rí i pé ewé tó wà lórí rẹ̀ ti òkè ojú ìsopọ̀ yọ. Bí ẹ bá ń gbìn ín, kí ojú ìsopọ̀ wà lókè ilẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ẹ máa fi ọwọ́ fa koríko ìdí rẹ̀, kí àdá má sún mọ́ ọn.

Nígbà òjò, ẹ máa wo ìdí rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èéhù tó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ìsopọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò ya á kúrò nígbà tó ṣì rọ̀. Yíya dára ju gígé lọ, torí bí ẹ bá gé e, ìdí rẹ̀ tó kù á tún yọ méjì, mẹ́ta.

Bí iná bá jó igi yín, ẹ má sáré gé e. Ẹ fi èékánná họ èèpo rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá ṣì tutù nínú ṣì wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀, kí ẹ rí ibi tí èéhù á ti yọ. Bó bá yọ lókè ojú ìsopọ̀, ẹ yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dúró dáadáa, ẹ gé ibi tó ti kú, ẹ sì ya gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ kúrò.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló ti yọ, ọ̀nà méjì ló wà, ẹ̀kẹta ò sí. Ọ̀kan ni kí ẹ hú u kí ẹ gbin tuntun, pàápàá bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti ń jẹrà. Èkejì ni kí ẹ yan èéhù kan ṣoṣo tó lágbára, kí ẹ ya ìyókù, kí ẹ jẹ́ kó sanra tó pẹ́ńsù, kí ẹ wá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́ wá nígbà òjò, nígbà tí èèpo bá ń ṣí wọ́ọ́rọ́, kó lọ́ ọsàn dídùn lé e. Gbòǹgbò tó ti wà nílẹ̀ á gbé e dìde kíákíá, ó lè yá ju igi tuntun lọ. Ohun tí kò dára ni kí ẹ máa wò ó, kí ẹ máa retí pé á dùn lọ́dún tó ń bọ̀. Kò ní dùn láéláé.

MỌ́ŃGÒRÒ ÀTI PÍÀ NÁÀ

Bákan náà ni mọ́ńgòrò àti píà tí wọ́n lọ́. Kóró mọ́ńgòrò ìbílẹ̀ onífọ́nrán ni wọ́n sábà máa ń gbìn, wọ́n á wá lọ́ Julie tàbí irú mìíràn tó ní ẹran lára lé e. Bí òkè bá kú, onífọ́nrán ló máa hù padà. Bí mọ́ńgòrò Julie ilé yín bá ṣàdédé ń so wẹ́wẹ́, tó ń há sí eyín, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

OHUN TÍ ÈÈYÀN Ń SỌ TÍ KÒ RÍ BẸ́Ẹ̀

"Kíkan gbòǹgbò ló gun òkè lọ bá ọsàn." Rárá. Gbòǹgbò lè dín adùn ọsàn kù díẹ̀ tàbí kó fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọsàn di lẹ́mọ́ọ̀nù.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ràn án." Rárá. Èso igi kan kì í tìtorí aládùúgbò rẹ̀ kan.

"Àfòmọ́ náà ni." Àfòmọ́ yàtọ̀. Ẹyẹ ló ń gbé kóró rẹ̀ wá sórí ẹ̀ka, ara ẹ̀ka òkè ló ń hù sí, ewé rẹ̀ kò sì jọ ti ọsàn rárá. Òun náà ń mu oje igi, ẹ gé ẹ̀ka tó wà kúrò. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń so lẹ́mọ́ọ̀nù.

"Ẹni ibi ló fọwọ́ kan igi náà." Ẹ má fi ọ̀rọ̀ igi dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìsopọ̀.

GBÒǸGBÒ KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń bú lẹ́mọ́ọ̀nù. Òun ló ń ran ọsàn tí a lọ́ sórí rẹ̀ lọ́wọ́ láti fara da ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Brazil, láti nǹkan bí ọdún 1937, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní tristeza pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi ọsàn tí wọ́n lọ́ sórí gbòǹgbò ọsàn kíkan kan. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni ìbànújẹ́. Ohun tó gba àwọn olóko là ni pé wọ́n pààrọ̀ gbòǹgbò, wọ́n ń lọ́ ọsàn dídùn sórí irú èyí tí àrùn náà kò lè pa. Rọ́ọ̀fù lẹ́mọ́ọ̀nù wa náà wà lára àwọn tó ń fara dà á. Ìsàlẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀, òkè ní tirẹ̀. Ìgbà tí kò bá sẹ́ni tó ń mójú tó o ni ìsàlẹ̀ ń gba ipò òkè.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi jọ ìyá rẹ̀, tí èéhù ìsàlẹ̀ ọsàn tí a lọ́ kò sì jọ ọsàn?
2. Olóko kan sọ fún yín pé iná jó oko òun lọ́dún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n gbogbo igi ti rúwé padà. Kí lẹ máa wò kí ẹ tó sanwó?
3. Kí ló dé tí ẹ̀gún nìkan kò fi tó ẹ̀rí?
4. Ta ló ti rí lẹ́mọ́ọ̀nù nínú àpò ọsàn lọ́dún yìí? Oko wo ni ó ti wá, kí ni a sì lè jọ bá olóko náà sọ?

Ẹni tó bá ti kà á, kó kà á sétí ìyá tí kò mọ̀wé tó wà nísọ̀ kejì. Ọjà á tà o. A ò ní fi owó ọsàn ra lẹ́mọ́ọ̀nù.